Ẹ má wo àlọ, àbọ̀ ni kí ẹ wò: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì lórí ọkọ̀ ojú omi nígbà ọyẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọkọ mi máa pé ọgọ́ta ọdún ní Sátidé tó ń bọ̀. Ohun tó wù ú ni ká gbé e lọ sórí omi ní kùtùkùtù, kó wo bí oòrùn ṣe ń yọ. A ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Aṣèjirẹ́, ọkọ̀ onígi tó ní ẹ́ńjìnnì ni. Àwa méje la ó lọ, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ wà nínú wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná wa. Ọlọ́kọ̀ ní tí a bá tètè dé, afẹ́fẹ́ ò ní tíì jí. Àǹtí mi tó wà ní Mọ́níyà ní ká má dán an wò. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Àbí ká kúkú lọ sí Ẹlẹ́yẹlé tó wà nítòsí? Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ̀.

Ẹ kú ìmúra o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì kú oríire, kí wọ́n ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọdún 26 ni mo sì fi wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, ìlú tí wọ́n ti máa ń bi mí pé kí ni atukọ̀ ń wá níbi tí kò sí ọ̀sà.

Àwọn méjèèjì ló jàre, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ yín le. Ọlọ́kọ̀ ò parọ́: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń sùn lóru. Àǹtí yín náà ò ṣojo, torí ohun tó sùn máa jí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ fún yín ni aago tó máa jí, àti ibi tí ẹ máa wà lórí omi nígbà tó bá jí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oorun afẹ́fẹ́ náà, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró sí. Tí ilẹ̀ bá ṣú nígbà ọyẹ́, tí kò sí ìkùukùu tó máa bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ máa ń tutù kíákíá. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ á tutù pẹ̀lú rẹ̀, á wúwo, á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè, bíi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sí orí wa, kò sùn rárá. Òru gan-an ló máa ń sáré jù, torí kò sí ohun tó ń fà á lẹ́sẹ̀ mọ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo bíríjì Mọ́kọ́lá: ẹni tó ń yan bọ̀ọ̀lì lábẹ́ rẹ̀ lè má mọ bí mọ́tò ṣe ń sá tó lórí. Nígbà tí oòrùn bá wá yọ, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á máa ru sókè bí omi àmàlà tó fẹ́ hó, ti òkè á máa já wálẹ̀, gbogbo eré tó ti ń sá láti òru ló sì máa gbé bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà ọyẹ́, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀sán ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò Sátidé yín. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí, bí aago méje ni oòrùn ń yọ ní Ìbàdàn. Aṣèjirẹ́ tó bíi 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn ìlú, Apẹ̀tẹ̀ sì wà ní apá kejì pátápátá. Ẹ máa gba Sángo, ẹ máa gba Ìwó Ròòdù, ẹ máa kọjá Gbági àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ènìyàn méje, ọmọ méjì tí ẹ máa jí tí wọn ò ní fẹ́ jí, kéèkì tí kò gbọ́dọ̀ fara pa. Tí ẹ bá ní aago márùn-ún ààbọ̀ lẹ máa kúrò nílé, aago márùn-ún ààbọ̀ ti Ìbàdàn ni. Èmi náà ń gbé ibẹ̀. Ẹ máa dé etí omi ní méje ààbọ̀. Ẹ máa gbàdúrà, ẹ máa ya fọ́tò, ọlọ́kọ̀ máa rán ọmọ rẹ̀ lọ ra epo. Mẹ́jọ ààbọ̀ lẹ máa kúrò ní èbúté. Omi máa dákẹ́ bí epo tí wọ́n bù sáwo, ẹ máa gbádùn ẹ̀, ẹ máa ní ká tún sún síwájú díẹ̀. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ máa yí orí ọkọ̀ padà, ẹni tó sùn náà á sì ti jí, á ti bọ́jú, á ti máa dúró dè yín.

Mo ti jẹ nínú ìyà ẹ̀ rí. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésì, mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ní kí n gbé èrò ìsọmọlórúkọ kan kọjá sí òdìkejì ọ̀sà, ènìyàn 11. Ní àlọ, omi tẹ́jú, wọ́n ń kọrin, èmi náà ń gbè é. N kò mọ̀ pé láti ìdajì ọ̀nà ni atẹ́gùn ti wà lẹ́yìn wa. Atẹ́gùn ẹ̀yìn kì í sọ fúnni pé òun wà. Òun àti ọkọ̀ jọ ń lọ ni, kò sí nǹkan tó ń fẹ́ yín lójú, ìgbì náà ń bá ọkọ̀ rìn dípò kó gbá a. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, a jẹun, ìyá ọmọ di ìkòkò ìrẹsì méjì fún wọn. Aago mẹ́wàá ò tíì lù nígbà tí mo yí orí ọkọ̀ sí ilé. Àfi bí ìgbà tí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn. Ìgbì àkọ́kọ́ wọlé láti iwájú. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ yí padà, ìkejì bá mi ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì mu omi, ó kú. Bàbá kan dìde dúró láti máa pàṣẹ, ọkọ̀ tẹ̀, ìkòkò kan lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà. Àwọn ìyá ló gbà wá. Wọ́n da ìrẹsì ìkòkò kejì sómi láìwẹ̀yìn, wọ́n sì ń fi ìkòkò náà gbọ́n omi jáde títí àwọn apẹja fi wá fà wá. Nígbà tí mo délé, ìkòkò ni ọ̀gá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi.

Nítorí ọjọ́ náà ni mi ò fi ń gbọ́ "omi dákẹ́" lẹ́nu ẹni tó ń lọ. Ibi tí mò ń wò ni àbọ̀.

Ní Aṣèjirẹ́, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Láti àríwá ni odò náà ti ń bọ̀, dáàmù wà ní gúúsù, adágún náà sì nà gbọọrọ lọ sókè. Ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn adágún náà ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì fẹ́ràn àyè: bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí omi gbọọrọ rìn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ṣe máa ga tó, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ dáàmù ni yóò ti le jù. Oore kan wà níbẹ̀ o. Tí ẹ bá gbéra láti apá dáàmù, ẹ máa kọ́kọ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ ní àlọ, ẹ máa rí gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì le tí epo ṣì kún, á wá ti yín bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Tí ọlọ́kọ̀ bá ní láti òkè lọ́hùn-ún lẹ ó ti gbéra, kí atẹ́gùn máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkòkò ìrẹsì mi nìyẹn.

(Àwọn àgbà ní Ọ̀ṣun àti Ọya jọ fẹ́ Ṣàngó ni. Ọ̀kan ni omi, ọ̀kan ni ẹ̀fúùfù. Kò sí onílàákàyè tó máa gbé àga sáàárín orogún méjì tó ń jà, kó wá ní òun ń ṣe ọjọ́ ìbí.)

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù? Ọdún 1805 ni ọmọ Ireland kan tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Francis Beaufort, to agbára afẹ́fẹ́ sí ìpele láti òdo dé 12, títí dòní àwọn atukọ̀ ṣì ń lò ó, torí ojú lásán lẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ní ìpele 2, afẹ́fẹ́ á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ewé á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ lọ. Ní ìpele 3, tí í ṣe bíi 12 sí 19 kìlómítà ní wákàtí kan, ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ò ní dúró, àsíá á nà. Lórí omi, orí ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ níbí àti lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá ọkọ̀ tó gbé ọmọdé dúró. Ní ìpele 4, 20 sí 28 kìlómítà, eruku á dìde, ọ̀rá piọ́ wọ́tà á máa fò kiri títì, orí omi á máa wu eyín funfun káàkiri. Ẹ má dé orí omi lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ nìkan ni kí ẹ lọ bá. Èyí tó ṣí páànù yín ti kọjá ìpele 4 dáadáa.

Ẹ má sì rò pé díẹ̀ ló fi ju díẹ̀ lọ. Tí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá ti 10 kìlómítà bọ́ sí 30, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni. Lórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré afẹ́fẹ́, nọ́ńbà kejì sábà máa ń wà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe lè le lójijì tó. Èyí ni kí ẹ máa wò, torí afẹ́fẹ́ tó le lójijì léwu fún ọkọ̀ ju èyí tó ń fẹ́ déédéé lọ. Ẹ wo ti aago mẹ́wàá, ẹ má wo ti mẹ́fà nìkan. Ẹ tún tẹ́tí sí ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá sọ ní alẹ́ Jímọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, tí ẹ bá dé etí omi tí ẹ rí ìkùukùu funfun tó ń yọ lórí omi tí kò lọ síbì kan, ẹ fọkàn balẹ̀: omi ṣì gbóná ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ, atẹ́gùn sì ń sùn. Tí ìkùukùu náà bá ti ń rìn, tàbí tí èéfín iná ìyá alákàrà bá ń dùbúlẹ̀ dípò kó dìde, ó ti ń yírí lórí ẹní. Tí imọ̀ ọ̀pẹ bá ń lu ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ni pé kò sùn rárá lóru ọjọ́ náà. Ẹ má wọ ọkọ̀. Oòrùn ò ní bá yín bẹ̀ ẹ́. Ṣe ló máa fi kún un.

Ó yẹ kí ọkọ̀ náà gba àyẹ̀wò, ọlọ́kọ̀ gidi ò sì ní bínú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín jókòó sínú rẹ̀ ní èbúté, kí ẹ wo bí etí ọkọ̀ ṣe jìnnà sí omi. Èmi máa ń fẹ́ kó tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka. Tó bá jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ lásán ló kù, ẹ̀yin méje ti pọ̀ jù. Kí àwọn kan dúró, kí ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àjẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì kì í kú ní ọjọ́ tí omi dákẹ́. Igbá tàbí ike tí wọ́n fi ń gbọ́n omi gbọ́dọ̀ wà. Okùn tí ọlọ́kọ̀ máa so mọ́ ọwọ́, tó ń pa ẹ́ńjìnnì tí òun bá já bọ́, ẹ béèrè ẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Lára ni kí ó wà. Ọ̀pọ̀ máa ń jókòó lé e bí tìmùtìmù, wọ́n ní tó bá di pàjáwìrì àwọn máa wọ̀ ọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ ẹ̀wù nígbà tí wọ́n bá da garawa omi lé yín lórí, ẹ máa mọ̀. Ti àwọn ìbejì, ẹ má gba ti àgbà fún wọn. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá fi èjìká jákẹ́ẹ̀tì gbé e sókè díẹ̀: tí ẹ̀wù bá sún títí tó fi bo etí ọmọ, ó tóbi jù, ọmọ á yọ́ jáde nínú rẹ̀ lómi. Èyí tí okùn rẹ̀ gba abẹ́ itan ló dára jù fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ti rán aṣọ ẹbí. Ẹ wọ̀ ọ́ lórí ilẹ̀ tí ẹ bá dé. Agbádá tó bá mu omi tán, òkúta ni.

Nínú ọkọ̀, ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá dìde, ẹ sọ̀ kúrò lórí pákó ìjókòó. Kí ẹnikẹ́ni má dìde ya fọ́tò, kódà ọlọ́jọ́ ìbí. Ẹ máa wo ọwọ́ atukọ̀ yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba ìgbì, kì í sì í forí sọ ọ́ gan-an; ó máa ń gbé imú ọkọ̀ sí èjìká ìgbì, láàárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kí ọkọ̀ lè gùn ún. Ó máa ń dín eré kù. Tó bá fẹ́ yí padà, ó máa dúró de ìgbà tí ìgbì kéékèèké bá tẹ̀lé ara wọn, á wá yí i lẹ́ẹ̀kan náà láìṣiyèméjì (ibi tí èmi ti ṣìṣe nìyẹn). Ohun tí mo fi ń mọ ògbólógbòó jù ni ọ̀nà tó gbà: yóò rọ̀ mọ́ èbúté tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, lábẹ́ igi, níbi tí atẹ́gùn ń gba orí rẹ̀ kọjá tí omi sì tẹ́jú, bó tilẹ̀ máa gùn ju àárín lọ. Kó má sún mọ́ etí jù náà, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi adágún máa ń fà, kùkùté tó ti wà lábẹ́ á máa yọrí.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ dojú dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ onígi á ṣì léfòó. Èbúté máa dà bí ẹni wà nítòsí, ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú yín á ní òun máa lúwẹ̀ẹ́ lọ pe ènìyàn wá. Ẹ má gbà fún un. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Ẹlẹ́yẹlé tí ẹ béèrè: rárá, kì í ṣe lọ́jọ́ afẹ́fẹ́. Ó sún mọ́ yín lóòótọ́, láti 1942 ni wọ́n sì ti sé odò Ọ̀nà níbẹ̀, ṣùgbọ́n koríko orí omi ń dà á láàmú. Ojú oró àti òṣíbàtà tí a mọ̀ nínú òwe kọ́ ni mò ń bá wí. Ọ̀kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ni, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ máa ń dà á kiri bí agbo ewúrẹ́. Ọ̀nà tí ẹ gbà jáde láago méje lè ti dí pa láago mẹ́jọ, tí ẹ bá sì fi ẹ́ńjìnnì wọ inú rẹ̀, gbòǹgbò á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọkọ̀ lọ, ẹ máa wà níbẹ̀ tí ẹ ó máa wo ilé yín lọ́ọ̀ọ́kán.

Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀ sí Aṣèjirẹ́, adágún Awbà wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ti sé e láti 1964. Kékeré ni. Ìgbì ò ráyè dàgbà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, torí tó bá jẹ́ mẹ́wàá, kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ wo ìyọ oòrùn.

Ohun tí èmi ì bá ṣe tí mo bá wà nípò yín nìyí. Màá lọ sùn sí apá Ẹ̀gbẹ́dá ní alẹ́ Jímọ̀, lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ilé ìtura, kí a lè wà létí omi ní mẹ́fà ààbọ̀. Màá dúró kí ilẹ̀ mọ́ tó kí atukọ̀ lè rí kùkùté. A kúrò ní èbúté ní aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a wo oòrùn, a kọ orin ọjọ́ ìbí. Tí aago mẹ́jọ bá lù, a yí orí ọkọ̀ padà, ìbáà jẹ́ pé omi dákẹ́ bí ẹni kú. Mẹ́jọ ààbọ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wa wà nílẹ̀. Màá ti sọ aago wọ̀nyí fún ọlọ́kọ̀ kí n tó san owó, kó má baà jẹ́ pé orí omi la ó ti máa jiyàn. Ẹnìkan á sì dúró létí omi pẹ̀lú fóònù àti nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ mìíràn.

Tí ọyẹ́ bá sì ti jí ṣáájú yín, kí ẹ má ṣe tìtorí owó tí ẹ ti san wọ ọkọ̀. Ẹ tẹ́ ẹní sí etí omi. Lásìkò yẹn ni àwọn apẹja máa ń kó àwọ̀n tí wọ́n dẹ lálẹ́ bọ̀. Ẹ ra epìyà tútù lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dáná, kí Bàbá Ìbejì jókòó kọjú sí ìlà-oòrùn. Kéèkì náà, níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò títí eruku ọyẹ́ á fi rọlẹ̀.